Ẹran táyà ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù

Olóòtú,

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọkùnrin kan da àwo àmàlà padà fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, oníbàárà mi sì ni láti ìgbà tó ti wọlé sí LAUTECH. Ó fi ìka tẹ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹran yìí mà rọ̀ jù. Àbí ẹran láàbù tí wọ́n ní òyìnbó ń hù yẹn ni?" Kí n tó lanu dá a lóhùn, àwọn méjì tó bá a wá ti ti àwo tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n sanwó, wọn ò jẹun. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í ṣú kí ẹnì kan má bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Ìyá kan tiẹ̀ ní kí n fi egungun ẹran náà han òun kí òun tó rà á.

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ro àmàlà nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ní Takie ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kó wá sí ọ̀nà Under G. Ẹran mi rọ̀ nítorí pé láti aago mẹ́rin ìdájí ló ti ń hó lórí iná. Ohun tí wọ́n fi ń yìn mí tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn.

Ẹni tó bá ní WhatsApp mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ohùn kan ń lọ kiri pé wọ́n ti ń kó ẹran tí òyìnbó hù nínú ìgò wọ orílẹ̀-èdè wa, pé àwọn tó ń ta ẹran inú fíríìsà ní Ṣábó ló ń tà á. Ẹnì kan tún fi fóònù pe ètò orí rédíò, ó tún un sọ. Atọ́kùn ètò kò bi í pé níbo ló ti rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò bi í pé ta ló tà á fún un. Ó kàn ń ké pé kí ará ìlú ṣọ́ra. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ nìyẹn?

Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló jókòó tì mí, tó là á yé mi. Ó ní wọn a gé ẹran bíńtín lára màlúù tó wà láàyè, wọn a yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọn a kó o sínú àgbá irin ńlá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ara ẹran, wọn a wá máa fi ṣúgà, iyọ̀, fítámì àti àwọn èròjà tó ń mú ara dàgbà bọ́ ọ títí yóò fi pọ̀, tí yóò sì di iṣan. Mark Post, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Maastricht ní Netherlands, ló gbé e síta ní London ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013. Ẹran pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì, owó tí wọ́n ná lé e lórí sì tó 250,000 yúrò. Singapore ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ta ẹran láàbù, ní ọdún 2020. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2023. Ọdún yẹn kan náà ni Ítálì fòfin dè é, nígbà tó sì di 2024, ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà náà ní àwọn ò fẹ́. Àwọn tó ni ín pàápàá ṣì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹran tí wọn ò tíì rí tó jẹ lọ́hùn-ún, ta ni yóò kó o wá sí Ṣábó kí n máa gé e ní ₦300, ₦300?

N kò fi ẹni tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí ẹran náà bá dé lónìí, n kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sè é. Àlàájà tó ń ta ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí léèrè pé, "Ta ló dú u? Ta ló ṣe bísímílà sí i?" N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ mi lọ wá a wò, ó ní àwọn àgbà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Singapore ti sọ ní 2024 pé Mùsùlùmí lè jẹ ẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì náà bá wá láti ara ẹran tí ẹ̀sìn fàyè gbà, tí kò sì sí ohun èèwọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ. Àlàájà ní òun yóò dúró gbọ́ ti àwọn àáfà wa níbí. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì nínú ẹran náà ni pé kò ní ṣàkì, kò ní fùkù, kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní bọ̀kọ́tọ̀, kò sì ní pọ̀nmọ́. Oníbàárà mi tó fẹ́ ṣàkì, bí mo bá bu ẹ̀dọ̀ fún un, yóò dá a padà. Bí a bá sì pa ẹran níbi òkú àgbà, gbogbo agbo ilé ló mọ ẹni tí orí tọ́ sí. Báwo la ó ṣe pín ẹran tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an. Ẹni tó ń sá fún ẹran tí kò fojú rí rí, òun náà ló ń jẹ ẹran tí wọ́n fi táyà wì lójoojúmọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ bá mi dé odò ẹran ní aago márùn-ún ìdájí. Èéfín dúdú ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Táyà ni wọ́n ń sun níbẹ̀, táyà ọkọ̀ tó ti rìn láti Ìlọrin dé Ìbàdàn títí tó fi gbó. Wọn a ju ẹsẹ̀ màlúù àti orí màlúù sí i, awọ náà a máa gbóná, ọ̀rá táyà a máa kán sí i lára. Wáyà inú rẹ̀ ni ẹ ó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹran tí wọ́n ti kun wà lórí sìmẹ́ǹtì lásán, gọ́tà ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, n kò rántí ìgbà tí omi jáde níbẹ̀ kẹ́yìn. Orí ilẹ̀ yẹn ni ẹran tí mo ń rà ti ń wá, n kò ní purọ́. Mò ń fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fi pọ̀nmọ́ dúdú sílẹ̀; pọ̀nmọ́ funfun tí wọ́n fi omi gbígbóná bó ni mò ń sè. Ṣùgbọ́n omi wo ló ń fọ èéfín táyà kúrò nínú awọ?

Àwọn agbowó ìjọba kì í pa ibẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Orí màlúù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já rìsíìtì lé. Wọ́n mọ ọ̀nà odò ẹran nígbà tí wọ́n bá ń gbowó. Bí a bá béèrè omi, wọn a ní kí a kọ̀wé. A ti kọ ọ́. Láyé ìyá mi, bí wòlé-wòlé bá ń bọ̀, gbogbo olóúnjẹ Takie ni yóò máa gbálẹ̀, ọkùnrin náà a sì ṣí ìdérí ìkòkò wò. Wòlé-wòlé wo ló ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni wò lónìí? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ pé kí a yàgò fún pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́ nítorí anthrax, àìsàn tó ń ti ara ẹran ran ènìyàn, tó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti wọ ìpínlẹ̀ Niger níbí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, táyà ṣì ń jó lódò ẹran wa. Ẹran táyà, Olóòtú! Òun la ń jẹ, tí a sì ń bẹ̀rù ìgò.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan tó ń lo iná oòrùn sí odò ẹran, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé NEPA kò mú iná wá. Kí wọ́n ra agbada ńlá mẹ́rin tí wọ́n lè fi gáàsì gbé omi kaná, kí awọ máa bọ́ nínú omi gbígbóná, kí alápatà fi ọ̀bẹ fá a. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí iná wì dandan, kí wọ́n fi iná gáàsì wì í fún un. Lára owó rìsíìtì tí wọ́n ń gbà ni kí wọ́n ti yọ owó gáàsì, kí wọ́n fi í sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alápatà àti àwa olóúnjẹ, ẹni méjì méjì, kí a máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìlú lóṣooṣù. Ẹni tí wọ́n bá bá táyà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó gbé ẹran rẹ̀ padà sílé. Èmi yóò kọ́kọ́ dáwó, bí wọ́n bá ní kí a dá a.

Kí dókítà ẹran sì máa dé kí wọ́n tó kun ẹran. Kí àwọn ará rédíò máa wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ọmọkùnrin yẹn kò tíì padà wá. Bí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá ka ìwé yìí, kí ó sọ fún un pé àwo rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, n kò ní gba owó míì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lè jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, èmi yóò mú un lọ sódò ẹran, kí ó wá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹran ti ń wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alámàlà,
Ọ̀nà Under G, Ògbómọ̀ṣọ́.