Òwú, bíléèdì àti ẹran kékeré tó ń fì lọ́rùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi láti sọ̀rọ̀ nípa ẹran rírọ̀ kékeré tó máa ń yọ sí àwa àgbàlagbà lọ́rùn, lábíyá tàbí létí ìpéǹpéjú, tó ń fì dirodiro bí ẹni pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ ara. Kì í ranni, kì í sì í sábà dunni, àmọ́ ohun tí à ń fi sí i nílé ló ń sọ ọ́ di wàhálà.

Mẹ́rin ló yọ sí mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń bá mi dirun já òwú dúdú tó fi ń kó irun, ó ta á ní kókó mọ́ ìdí èyí tó tóbi jù, ó sì fà á le. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nǹkan náà ti dúdú bí hóró iyèré. Lọ́jọ́ kẹfà, mo bá a lórí ìrọ̀rí mi. Inú mi dùn débi pé mo ní kó tún so èkejì. Ìyẹn kò gbọ́ tiwa: ó wú, ọyún ń tú jáde níbẹ̀, n kò sì lè yí ọrùn sí òsì títí mo fi dé ilé ìwòsàn.

Kí n má purọ́ mọ́ òwú, àwọn dókítà pàápàá máa ń so ìdí rẹ̀ nígbà mìíràn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dé ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òwú tiwọn kò tíì gba orí ẹnikẹ́ni kọjá. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni bíléèdì, tó lè kó ipá, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV ranni, àti aáyù gígún tàbí epo èèpo kajú, tó ń bó awọ ara tó wà láyìíká rẹ̀, tí àpá rẹ̀ sì lè wú sókè lára àwa aláwọ̀ dúdú ju ohun tí a fẹ́ yọ lọ. Ní ti àwọn oògùn inú ìgò kékeré tó ń ti òkè òkun wọlé, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ lọ́dún 2022 pé òun kò fọwọ́ sí ìkankan tí ènìyàn lè dá rà láti fi yọ ọ́.

Dókítà fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí n mọ ìrora, ó fi àlùmọ́gàjí tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ gé e, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó ní àwọn mìíràn máa ń fi iná mànàmáná jó o tàbí kí wọ́n fi náítírójìn olómi mú un dì. Ó kìlọ̀ pé èyí tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń yára dàgbà tàbí tó ń yí àwọ̀ padà lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ara rẹ̀ kan ti ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò rí, nítorí pé wọ́n sábà máa ń pọ̀ lára ẹni tó sanra tàbí tí àtọ̀gbẹ ń yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ wá bá. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti ga díẹ̀. Obìnrin tó ń bá mi dirun kò lè rí ìyẹn lọ́rùn mi.

Méjì tó kù ṣì wà níbẹ̀. Dókítà ní bí nǹkan kan kò bá ti ń hà wọ́n, kí n fi wọ́n sílẹ̀; mo ti bọ́ ẹ̀gbà ọrùn mi.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn.