Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, ìwọ àti ọkọ rẹ. Ọlọ́run yóò dá Táyéwò sí fún wa.

Ọkọ rẹ ní o ti di gbogbo aṣọ Kẹ́hìndé sínú àpò, pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ létí rẹ mọ́. Ó ní wọ́n sọ fún ọ pé bí o bá ń sunkún, èyí tó kù á tẹ̀lé ìkejì rẹ̀. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àtijọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún kì í gbé ọmọ wọn pamọ́.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú nígbà náà, tí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n á lọ bá agbẹ́gilére. Igi ìrè ni wọ́n sábà máa ń lò. Ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló kú, àgbà ni wọn yóò gbẹ́: ọkùnrin tó ti gbó, tàbí obìnrin tó ti lọ́mú láyà, tí irun rẹ̀ ga sókè gogoro. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ tí kò tíì hu eyín, ẹnì kan jókòó, ó gbẹ́ àgbà tí kò dà fún un! Ìyá á gba ère náà, á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ fún un, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu. Irú ère wọ̀nyí wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Bí o bá rí àwòrán wọn, wo ojú wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ilà ojú kò hàn mọ́, nítorí ọwọ́ ìyá tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pa wọ́n lósùn. Èmi ò tíì rí iṣẹ́ ọnà tó rẹwà tó ìyẹn.

Nígbà tí kámẹ́rà dé, àwọn mìíràn fi fọ́tò rọ́pò ère. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí i ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975: onífọ́tò á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan ṣoṣo bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ ti ẹni tó lọ.

Onígbàgbọ́ ni wá, mi ò ní kí o lọ gbẹ́ ère. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o tú àpò yẹn. Ìwọ lo mọ aṣọ í rán nínú ilé wa. Gé aṣọ Kẹ́hìndé, rán an pọ̀ di aṣọ ìbora fún Táyéwò. Bí ẹkún bá dé bá ọ nídìí rẹ̀, sun ún. Bí o bá sì ń wẹ Táyéwò, máa kì í: Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Oríkì èèyàn méjì ni, kò ṣe é yọ ẹnì kan kúrò níbẹ̀. Ibikíbi tí ọmọ yẹn bá ti dárúkọ ara rẹ̀ láyé, wọn yóò bi í pé Kẹ́hìndé ńkọ́. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdáhùn.

Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dání. Aṣọ tí a wọ̀ fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, má tíì gé ìyẹn. Dúró dè mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ