Kì í ṣe Eagle Square ni ìpolongo Ọ̀ṣínbàjò ti kú

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, okun o. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2022 tí wọ́n ti ka ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC fi yan olùdíje sípò ààrẹ tán ní Eagle Square l'Ábújá, ohun tí à ń gbọ́ ní Kabba, ní Ìyàrà, títí dé Ìsánlú ni pé wọ́n da Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà náà, lálẹ́ ọjọ́ ìbò. Ó dùn mí bó ṣe dùn wọ́n, àmọ́ mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tinubu ní 1,271, Amaechi ní 316, Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yan dẹ́lígéètì, àwọn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé, ti rí i kí wọ́n tó gbé àpótí ìbò síta.

Àwa tí a fẹ́ ẹ níhìn-ín pọ̀. Ará Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, kì í sáré tẹ̀lé ohun tuntun. Ilé ìwé àti ilé ìjọsìn la fi ń wo ènìyàn, a sì fẹ́ olórí tó mọ òfin, tó ń ṣọ́ ẹnu, tí kì í fi owó ṣe fáàrí. Nígbà tó ń ṣe adelé ààrẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, tí àwọn DSS, ọlọ́pàá inú ìjọba, lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọjọ́ náà gan-an ló yọ ọ̀gá wọn nípò. Kabba pàápàá kò lè gbàgbé ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, tí hẹlikọ́pítà já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nílẹ̀ wa, tí kò sì sẹ́ni tó kú. Èyí tí mi ò gbà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni TraderMoni, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tí wọ́n ń pín lọ́jà nígbà tí ìbò ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀yáwó ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n owó ìbò ni púpọ̀ nínú àwọn tó gbà á kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí dẹ́lígéètì. Abala 84 nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022 fún ẹgbẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí dẹ́lígéètì dìbò, tàbí kí gbogbo olùdíje fẹnu kò sórí ẹnì kan. APC mú ti dẹ́lígéètì. Òfin yìí kan náà ló ti àwọn tí ipò wọn ń sọ di dẹ́lígéètì síta, gómìnà, mínísítà, aṣòfin. Àwọn tí wọ́n dìbò yàn nìkan ló kù, mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,322 nínú 774. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Buhari nìkan ní ìbò 3,430 nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan náà; ó ju gbogbo dẹ́lígéètì ọdún 2022 lápapọ̀ lọ. Gómìnà kò lè tẹ̀ka mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kan kò ṣòro fún un láti kó jọ.

Kabba/Bùnú, Ìjùmú, Mopamuro, Yàgbà méjèèjì: ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún, dẹ́lígéètì 15 péré. (Àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ wà lábẹ́ Lọ́kọ́jà, kí wọ́n má bínú sí mi.) Gbogbo Kogi ní 63, gómìnà wa nígbà náà, Yahaya Bello, sì ń díje fúnra rẹ̀. Ta ni yóò wá dìde ní Kabba pé Ọ̀ṣínbàjò ni tòun? Síbẹ̀, 47 ni Bello rí ní gbogbo Nàìjíríà, èyí tó fi hàn pé ó kéré tán dẹ́lígéètì 16 láti ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò dìbò fún un. Kò sẹ́ni tó wá wọn wá láti ọ̀dọ̀ wa.

Àìtètèbẹ̀rẹ̀ ló pa ìpolongo yìí. Ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2021 ni APC ti yan àwọn alákòóso wọ́ọ̀dù. Tinubu lọ sọ fún Buhari ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2022 pé òun yóò díje. Ọ̀ṣínbàjò dúró títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, nígbà tí ìbò kò ju oṣù méjì lọ mọ́. Ó rin ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ti ní baba ìsàlẹ̀. Nígbà tí Tinubu fi máa pariwo "Èmi ló kàn" l'Abẹ́òkúta, iṣẹ́ ti parí. Amósùn àti Bánkọ́lé, olùdíje tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi Ọ̀ṣínbàjò, ló jáwọ́ fún Tinubu lójú agbo.

Ti fọ́ọ̀mù ìdíje tún ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ni APC tà á lọ́dún 2022. Owó oṣù àti àjẹmọ́nú igbákejì ààrẹ tí ìjọba kọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá lọ́dún. Kó fi ọdún mẹ́jọ tọ́jú gbogbo rẹ̀, kò tíì tó ra fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ tó ń ta ìwé níye yìí kò wá ẹni tí kì í fọ́n owó.

Ìyanu kọ́ ló yẹ kí èyí jẹ́ fún wa. Lọ́dún 2015, nígbà tí Audu, olùdíje APC, kú kí wọ́n tó parí ìbò gómìnà Kogi, Fálékè ọmọ Ekinrin-Àdẹ́ nílẹ̀ Okun ni igbákejì rẹ̀ lórí ìwé ìbò. Ẹgbẹ́ fa Bello kalẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi ọwọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé káàdì ìdìbò INEC, àjọ elétò ìdìbò, ti tó. Kò wọ ìbò abẹ́lé. Abala 77 nínú òfin ọdún 2022 yẹn ní kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìbò abẹ́lé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, òǹwòran ni. Àwọn tó ń gbàdúrà fún Ọ̀ṣínbàjò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mélòó nínú wọn ló lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù lọ́dún 2021?

Olóòtú, nígbà ìbò abẹ́lé mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín àwòrán gómìnà kù. Ẹ bá wa tẹ orúkọ àwọn 15 yẹn àti wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti wá, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú ìbò.

Òǹkàwé yín,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogi