Lẹ́tà sí Màmá mi l'Ékòó: mo ti wọ mọ́ṣáláṣí

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ẹni tó bá ń ka èyí sí yín létí, kó jọ̀ọ́ rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Mo wọ mọ́ṣáláṣí ní Sátidé tó kọjá. Èmi náà ni o, ọmọ ọmọ yín tó ń kọrin nínú kwáyà. Ti Regent's Park ni, ní London níbí, èyí tí òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì tó sì ń dán bíi wúrà. N kò pète rẹ̀ rárá, òjò ló tì mí débẹ̀. Mò ń ti ọ̀dọ̀ màmá Òyìnbó tí mò ń tọ́jú bọ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Baker Street, òjò bá dé. Mo yà sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tiyín ní Martins Street, tí bùtà yín wà lọ́wọ́ mi kan, tí sálúbàtà yín wà ní ìkejì.

Obìnrin Sòmálí kan ló ní kí n wọlé, pé kí ni mò ń dúró sí nínú òtútù. Mo ní Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Ó ní, "Ṣé òjò kì í pa Kìrìsìtẹ́nì ni?" Mo bọ́ bàtà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan yọ jáde látinú ìbọ̀sẹ̀. Ó rí i, ó mójú kúrò. Ìborùn mi kéré, ó ń yọ̀ ṣáá, ló bá yọ pín-ìn-nì lára ìbòrí tirẹ̀, ó fi há tèmi lábẹ́ àgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta sánsán, irú lọ́fínńdà tí ẹ máa ń fi pa mí lẹ́yìn ọrùn lọ́jọ́ Iléyá. Màmá, díẹ̀ ló kù kí n sunkún lójú ẹni ẹlẹ́ni.

Ó mú mi gòkè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Láti òkè yẹn èèyàn ń wo gbogbo ìsàlẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì lọ títí, kò sí àga, iná ràbàtà kan rọ̀ sílẹ̀ láàárín. Wọ́n ní ó ń gbà ju 5,000 èèyàn lọ. Wọ́n pe ìrun Alásárì, ohùn ládàánì kò le bíi ti ilé wa tó ń jí gbogbo àdúgbò. Mo jókòó ti ògiri, mo ń wò wọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí n wọlé wá jókòó tì yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ pè mí. Mo ní okùn bàtà mi le, kò ṣe é tú. Ẹ ní, "Ó dáa," ẹ wọlé lọ. Okùn yẹn kò le, Màmá. Olùkọ́ kan ní Sunday school ló sọ fún wa pé ọmọ ìjọ tó bá tẹ ẹní ìmàle kò ní fojú kan ìjọba ọ̀run. Mo gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Nígbà tí òjò dá, n kò lọ mọ́, mo di oníbéèrè. Lọ́dún 1940, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń já lu London, ni ìjọba Churchill fọwọ́ sí 100,000 pọ́n-ùn láti fi ra ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Ní 1944, Ọba George VI fúnra rẹ̀ ló wá ṣí ibùdó àṣà Ìsìláàmù tó wà níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí gan-an kò parí títí di 1977. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ní 1894, Abdullah Quilliam, Òyìnbó Liverpool tó gba Ìsìláàmù, ló wá síbi ìṣílé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tiyín l'Ékòó. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọba wọn ṣí ibùdó tiwọn.

Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni pé Frederick Gibberd, ẹni tó ya àwòrán mọ́ṣáláṣí yìí, òun náà ló ya ti kàtídírà àwọn Àgùdà ní Liverpool. Ẹ̀yin lẹ sì sọ fún mi pé Àgùdà ló kọ́ Shitta-Bey. Ilé tiwa náà kúkú nìyẹn, bí ẹ ṣe ń gbààwẹ̀ nínú yàrá tí bàbá mi gbé Bíbélì kalẹ̀ sí.

Mò ń bọ̀ nílé ní Dìsẹ́ḿbà. Mo ti ra bàtà tí kò lókùn. Pín-ìn-nì obìnrin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé láti dá a padà. Ẹ bá mi bi àwọn ẹlẹgbẹ́ Àsálátù yín bóyá mo lè mú un dání wá, àbí kí n kọ́kọ́ dá a padà fún un.

Ọmọ yín ni mí.