Má Tíì Ra Káìtì Yẹn

Òkè-Àdó, Ìbàdàn

Dékúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè bí ilé ṣe rí: má tíì sanwó káìtì tí o fẹ́ kí ó máa fà ọ́ lórí bọ́ọ̀dù lójú òkun yẹn. Bí o bá sì ti san án, pe ẹni tó tà á fún ọ lálẹ́ òní, sọ fún un pé o ní ọ̀rẹ́ kan n'Ìbàdàn tí orí rẹ̀ kò pé, òun ló ní kí o dá a padà. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mítà 14, ìyẹn bí aṣọ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ní mítà onígun mẹ́rin, ọdún 2004. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé wọn ò lò ó rí, pé bíi tuntun ló rí. Aṣọ tó ti wà nínú àpótí láti ogún ọdún, ṣé tuntun nìyẹn?

Ọdún yẹn gan-an ni wàhálà. Ọdún 2005 ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní bow bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà. Kó tó dìgbà náà, irú tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C ló kún ibi gbogbo. Ti òde òní, bí o bá ti ọ̀pá ọwọ́ tí o fi ń darí rẹ̀ síwájú, káìtì á fi etí gé afẹ́fẹ́ dípò kó fi inú gbà á, agbára rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti àtijọ́ yẹn, bí o tì í títí apá rẹ ò fi gùn mọ́, ó ṣì ń wọ́ ọ lọ ni. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa lè gbádùn rẹ̀. Ìwọ kọ́.

Mítà 14 náà ńkọ́? Kílò rẹ àti afẹ́fẹ́ ibi tí o wà ni wọ́n fi ń yan káìtì, kì í ṣe ẹ̀dínwó. Tí o bá ṣì wà ní nǹkan bíi kílò 80 (àbí àìrí àmàlà jẹ ti sọ ọ́ di ìgbálẹ̀?), mítà 12 máa gbé ọ nínú afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n ìyára afẹ́fẹ́) 14 sí 20, mítà 9 máa gbé ọ láti bíi 18 sí 26. Ní Cape Town yẹn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù-ìlà-oòrùn wá kì í ṣeré. 25 kì í ṣe nǹkan bàbàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Má sì gbàgbé pé bí afẹ́fẹ́ bá lọ́po méjì, fífà rẹ̀ ti lọ́po mẹ́rin. Láti 10 sí 20, ẹnì kan tó ń fà ọ́ ti di ẹni mẹ́rin. Bí o bá gbé mítà 14 jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní í ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wálé lọ́dún yìí. Mítà 9 ni kí o kọ́kọ́ ní. Tó bá ti kọjá 25, jókòó sétí òkun kí o máa wo àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní kí o má ra àlòkù o. Èyí tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ dára, àmọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí fọkanáísà ṣe ń yẹ táyà wò, torí nǹkan kan náà ni wọ́n: rọ́bà gígùn kan wà ní etí iwájú rẹ̀ bíi tíúbù inú táyà, àwọn kéékèèké sì dábùú. Ọmọ ìyá méjì kan ní Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yẹn ní 1984. Afẹ́fẹ́ inú tíúbù ló ń jẹ́ kí káìtì léfòó bó bá já sómi, tí o fi lè tún gbé e dìde. Tíúbù tó bá ń jò, àkísà lásán ni yóò dà lójú omi, ìwọ á sì ti jìnnà sílẹ̀. Nítorí náà, fọn ún tó psi 7 láàárọ̀, kí o fi í sílẹ̀ títí di alẹ́. Tó bá ti rọ̀, fi omi ọṣẹ pa ìdí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló sábà máa ń jò, torí pé gọ́ọ̀mù tó lẹ fáàfù mọ́ tíúbù máa ń bó bí wọ́n bá gbàgbé káìtì sínú mọ́tò nínú oòrùn. Fi ìka pa aṣọ rẹ̀ náà. Tuntun máa ń dún ṣàràṣàrà bí owó tí báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde; èyí tí oòrùn ti jẹ máa ń rọ̀ bí ìnujú. Nà á sókè kọ oòrùn kí o wá ihò.

Okùn mẹ́rin ló wà nídìí ọ̀pá, bíi mítà 22 sí 24. Tú ìdè tí wọ́n fi ń dín agbára káìtì kù sílẹ̀ pátápátá, fi orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ìṣó kan, kí o fà á le. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Méjì àárín ló ń ru ẹrù, torí náà wọ́n máa ń nà bó bá pẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ á wá di kúkúrú, káìtì á máa fẹ̀yìn já bọ́, ìwọ á sì rò pé o ò mọ̀ ọ́n fò ni.

Fúnmi ti bí, obìnrin ni. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti tún jó, abẹ́lá ni mo fi ń kọ èyí, má bínú sí ọwọ́ mi.

Bọ́ọ̀dù: èyí tí orí àti ìdí rẹ̀ bára mu, gígùn 140 sí 145, fífẹ̀ 42 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Èyí tó tóbi máa ń tètè léfòó. Má so bọ́ọ̀dù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ láéláé; okùn yẹn á nà, á sì dá a padà sí orí rẹ bí ẹni ta rọ́bà. Àwọn tí o rí tí wọ́n ń fò lókè omi ní Marseille nígbà Òlíńpíìkì 2024, ohun tó dà bí ìyẹ́ tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù wọn nínú omi ló ń gbé wọn, fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbànú tó ní ìkọ́ níwájú, mú èyí tó ń gba itan, torí ti ìbàdí lásán máa ń gun akẹ́kọ̀ọ́ dé abẹ́ apá. Omi ibẹ̀ tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nítorí náà ẹ̀wù omi 4/3 ni, ìyẹn rọ́bà tó nípọn mílímítà 4 ní àyà, 3 ní apá àti ẹsẹ̀. Akoto ńkọ́? Ṣé ìyẹn tún ń fẹ́ ìbéèrè? Dé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fọwọ́ mú jù lọ rèé. Nǹkan pupa kan wà lókè ìkọ́ ìgbànú yẹn, quick release ni wọ́n ń pè é. Bí o bá tì í kúrò lára rẹ, agbára káìtì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá já ọ gbà, ọwọ́ ènìyàn kì í tú nǹkan sílẹ̀, ṣe ló máa ń dì í mú. Bí o bá sì di ọ̀pá mú mọ́ àyà, agbára lo ń fi kún un. Ohun tó ń pa ènìyàn nìyẹn, lórí ilẹ̀ gan-an, kó tó dé omi: igi, ògiri, mọ́tò tí wọ́n páàkì. Fi ọ̀pá sílẹ̀. Ti pupa. Bó bá ṣì ń fà ọ́, tú okùn kékeré tó so ọ́ mọ́ ọn. Dá a ṣe ní ogún ìgbà nínú yàrá rẹ pẹ̀lú ojú dídì. Má sì gbé káìtì dúró gangan lókè orí rẹ lórí ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń ti ilẹ̀ lọ sí òkun, káìtì ò gbọdọ̀ jáde nínú àpò.

Dípò káìtì, fi owó yẹn kọ́ṣẹ́, wákàtí 9 sí 12. Ilé ẹ̀kọ́ ló máa kó irinṣẹ́ fún ọ. Má lọ sí Blouberg, ìgbì wà níbẹ̀; Langebaan tó wà ní àríwá Cape Town ni kí o lọ, ọ̀sà ni, ibi tí omi ti mọ sí àyà pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á fi káìtì kékeré mítà 2 tàbí 3 kọ́ ọ lórí iyẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà á wọ́ ọ nínú omi láìsí bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìyẹn lo máa tó gun bọ́ọ̀dù.

Dékúnlé, Màmá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé. Wọ́n ní kí ni káìtì tí o sọ pé o fẹ́ kọ́, ṣé irú èyí tí a ń fi bébà àti ìgbálẹ̀ ṣe ní kékeré ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn ò dàgbà rárá. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Jọ̀wọ́, pè wọ́n fúnra rẹ kó tó di ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Sọ ọ́ fún wọn pé òkun ni. Sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó di gbogbo èyí. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ sáyà nídìí káìtì, ó kàn ń dín ìrora bíbọ́ lulẹ̀ sómi kù fún ara ni, kì í gbé ènìyàn léfòó bí èyí tí wọ́n ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Mi ò lè tún lọ jókòó níwájú Màmá bíi ti ọjọ́ adágún omi Ẹlẹ́yẹlé yẹn. Mi ò ní í lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni,
Kọ́lápọ̀

Mo gbàgbé: bí o bá ń bọ̀ lọ́dún, bá mi mú káìtì mítà 2 kan dání fún àwọn ọmọ. Pápá ńlá la máa lọ, wáyà iná ti pọ̀ jù ládùúgbò yìí.