Lẹ́tà sí Àjàní lórí máàpù kẹ̀kẹ́ Ìbàdàn

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ará ilé wà? Màmá ńkọ́? Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ẹ̀yin mẹ́jọ ti gbà láti máa fi ọjọ́ Sátidé ṣe máàpù kẹ̀kẹ́ ológeere fún Ìbàdàn. O ní kí n ṣàlàyé bí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn níbí ṣe ń ṣe tiwọn, kí n má fi nǹkan kan pamọ́. Ó dáa, fara balẹ̀ kà á.

Ẹ fẹ́ kun ọ̀nà tó dáa ní àwọ̀ ewé, kí ẹ kun èyí tí kò dáa ní pupa. Ẹ ṣì dá ọ̀dà yẹn dúró ná. Ọ̀nà tó dáa lójú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré lọ sí Yunifásítì lè má dáa rárá lójú ìyá tó gbé ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ohun tí ojú rí, tí téèpù sì wọ̀n, ni kí ẹ kọ sílẹ̀: irú ilẹ̀ tó jẹ́, bó ṣe fẹ̀ tó, ohun tó dí i, bóyá iná wà níbẹ̀ lálẹ́. Ìdájọ́ di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. CycleStreets, ìkànnì tó ń wá ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 2009, ń fún ẹni tó bá béèrè ní ọ̀nà mẹ́ta láti ibì kan sí ibòmíì: èyí tó yá jù, èyí tó pa rọ́rọ́ jù, àti èyí tó wà láàárín. Máàpù kan náà ni wọ́n fi ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní "ó dáa" àti "kò dáa" nìkan ni àwọn tó rin ọ̀nà kọ síbẹ̀ ni, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ rí i ṣe.

Orí OpenStreetMap ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, máàpù gbogbo ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ níbí ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn máàpù kẹ̀kẹ́ bíi OpenCycleMap àti CyclOSM dúró lé. Òfin kan wà tí kò ní àforíjì: ẹ ò gbọ́dọ̀ wo Google Maps kí ẹ máa da orúkọ tàbí ọ̀nà kọ láti ibẹ̀. Dúkìá onídúkìá ni. Bí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ ẹni náà ni wọ́n máa pa rẹ́, tòun ti èyí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwòrán sátẹ́láìtì tó wà nínú iD àti JOSM, irinṣẹ́ méjì tí a fi ń tún OpenStreetMap ṣe lórí kọ̀ǹpútà, irú bíi ti Bing, ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí a máa fi yàwòrán.

Ẹ pín ìlú náà kí ẹ tó jáde. Níbí, wọn a gé máàpù àdúgbò sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé kéèkì, wọn a sì fi ègé kọ̀ọ̀kan lé ẹni méjì lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ènìyàn OpenStreetMap ti pàdé ní Isle of Wight ní oṣù karùn-ún 2006 láti ya gbogbo erékùṣù náà. Fún Ìbàdàn, kí ègé kan má ṣe ju kìlómítà kan níbùú àti kìlómítà kan lóòró. Wákàtí mẹ́ta tó fún ẹni méjì tó bá ń fi kẹ̀kẹ́ rìn ín. Àwọn àgbègbè tí ilé ti há mọ́ra, bíi Òjé àti Bẹẹrẹ, ẹ gé e sí kékeré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ sì ni kí ẹ fi rìn ín.

Ohun èlò kò pọ̀. Téèpù onímítà márùn-ún, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún àti power bank kan, máàpù ègé náà lórí ìwé A4, àti pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù ni mo wí o, báírò kì í kọ lórí ìwé tó bá ti tutù. Lórí fóònù Android, ẹ gbé StreetComplete sí i. Á máa bi yín ní ìbéèrè bí ẹ ṣe ń lọ: irú ilẹ̀ wo ni ọ̀nà yìí, ṣé iná wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ mélòó ni ààyè yìí gbà. Ilé ni kí ẹ ti gba máàpù ègé náà wálẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ má baà máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká ìgboro. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé GPS fóònù pátápátá. Ní gbangba, ó lè fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún yẹ̀. Láàárín ilé gíga bíi ti Dùgbẹ̀ á yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àmì tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀run máa ń kọ lu ògiri kó tó dé fóònù. Àwòrán sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn. Nítorí náà, ẹ gba ipa ọ̀nà tí GPS fóònù kọ sílẹ̀ fún ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gba títì kan náà kọjá, ẹ tò wọ́n lé orí àwòrán náà, kí ẹ fa àwòrán náà bọ́ sí àárín wọn kí ẹ tó yà ohunkóhun.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Nítòsí mi níbí, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Surrey Canal Walk, láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé Peckham dé Burgess Park. Odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló jọ ń lò ó báyìí. Afárá àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, títì ọkọ̀ gba orí afárá, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà méjì tó gé ara wọn kọjá ni wàá rí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ á fi ojú àmì kan so wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, máàpù á sì máa sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó yà sí ọ̀tún látìsàlẹ̀ kó bọ́ sórí afárá, àfi bó bá lè fò. Ohun tó yẹ ni kí a kọ bridge=yes (afárá ni) àti layer=1 (ó wà lókè èkejì) sí títì tòkè, ká má sì so wọ́n. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni OpenStreetMap fi ń ṣàpèjúwe ohun tí a yà. Òdìkejì rẹ̀ wọ́pọ̀ jù: ọ̀nà kékeré tó já sí títì ńlá, tí ẹni tó yà á dá ìlà rẹ̀ dúró ní ìdajì mítà sí títì. Ojú ènìyàn á rò pé ó kàn án. Kọ̀ǹpútà ò rò bẹ́ẹ̀, ògiri ló kà á sí, á sì mú ẹni náà rìn yípo. JOSM ní irinṣẹ́ tó ń yẹ irú nǹkan báyìí wò. Ẹ má fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìlò ó.

Òpó kúkúrú tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má baà wọlé náà ńkọ́? Lórí ìlà ọ̀nà gan-an ni àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó máa kà á sí. Kí ẹ sì wọn ààyè tó wà láàárín òpó méjì. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 ní kó má dín ní mítà kan àbọ̀, torí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti èyí tó ń kó ẹrù. Lọ́dọ̀ yín, géètì àdúgbò ni ẹ máa bá jù. Géètì tó ṣí lọ́sàn-án tí wọ́n ń tì lálẹ́ kì í ṣe ọ̀nà tó dí, kì í sì í ṣe ọ̀nà tó là. Ẹ bi ọdẹ léèrè wákàtí tó ń tì í, kí ẹ kọ wákàtí náà sí i. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tì í.

Ọ̀tún àti òsì náà máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bí o bá kọ cycleway:left, ìyẹn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lápá òsì, òsì ìlà ni, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ yà á ṣe fà á, kì í ṣe òsì ibi tí o dúró sí. Ẹ wo ọfà orí ìlà náà kí ẹ tó kọ ọ́. Níbí òsì la ń gbà. Ní Nàìjíríà, ọ̀tún ni láti 1972, nítorí náà ẹ má wo àpẹẹrẹ Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ dà á kọ bó ṣe wà. Bákan náà ni wọ́n-wéè tí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ láyè láti gbà padà: oneway=yes wà fún ọkọ̀, oneway:bicycle=no sì wà fún kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé èkejì ti ti ọ̀nà kan pa.

Ní ti ibi ìgbé kẹ̀kẹ́ sí, iye kẹ̀kẹ́ tó gbà ni à ń kọ, kì í ṣe iye irin. Irin tí wọ́n tẹ̀ bíi U tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kẹ̀kẹ́ méjì ló gbà, ọ̀kan lápá kìn-ín-ní, ọ̀kan lápá kejì. Irin márùn-ún, kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá. Àṣìṣe yìí ló kún inú máàpù káàkiri.

Ní 2019, àwọn tó ń mójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, Transport for London, tú àkójọ ohun èlò kẹ̀kẹ́ gbogbo ìlú sílẹ̀ fún aráyé: ohun tó lé ní 240,000, pẹ̀lú fọ́tò. Ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ka àwọn nǹkan náà tipẹ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, ọ̀pọ̀ àdúgbò sì yí ọ̀nà wọn padà ní 2020. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní láti fi wé ohun tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi sórí máàpù. Bí iléeṣẹ́ kan bá fún yín ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, ẹ gbà á tọpẹ́tọpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rìn ín.

Ìbàdàn ò ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kùn lọ́dà bíi tibí. Ìyẹn ò ní kí máàpù yín má níṣẹ́. Ẹ kọ irú ilẹ̀: ọ̀dà, kọ́ńkéré, ilẹ̀ pupa. Ẹ kọ bó ṣe gún tó, èyí tí wọ́n ń pè ní smoothness, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ inú dídùn: táyà tó lè gbà á ni ẹ fi ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà, good. Èyí tí kẹ̀kẹ́ lásán ìgboro lè gbà, intermediate. Èyí tó ń fẹ́ táyà tó nípọn, bad. Èyí tí ọkọ̀ tó ga nílẹ̀ nìkan lè là, very_bad. Ẹ má fi àmì sí kòtò kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè dí i lọ́la. Ìwọ̀n gbogbo ẹsẹ̀ títì náà ni kí ẹ kọ. Kí ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò, torí ilẹ̀ pupa tó le bí òkúta ní oṣù kejì ti di ẹrẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ wo gọ́tà tí síláàbù rẹ̀ ti jìn. Àwọn fọkanáísà àti àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbogbo wọn ni kí ẹ fi sí i. Ní tèmi o, fọkanáísà tó ní páńpù wúlò lórí máàpù yín ju ibi ìgbé kẹ̀kẹ́ sí lọ.

Òkè ló tún kù. Ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú (space shuttle) Amẹ́ríkà wọ̀n láti ojú sánmà ní oṣù kejì 2000, ààrin ojú àmì kan àti èkejì rẹ̀ tó bíi ọgbọ̀n mítà, ó sì máa ń ka òrùlé àti igi mọ́ ilẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúkúrú bíi ti àyíká Mápó á dà bíi pé ó tẹ́jú nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ wá pákó tó gùn ní mítà kan, ẹ tò ó sílẹ̀ lójú òkè náà, ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé e. Ẹ gbé ìdí tó wà nísàlẹ̀ sókè títí omi inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì á fi dọ́gba, kí ẹ wọn ààyè tó wà láàárín ìdí pákó àti ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ìyẹn 8%. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta lórí òkè kan, kí ẹ mú èyí tó ga jù. Ẹni tó bá rí 12% á mọ̀ pé kí òun sọ̀ kalẹ̀ kí òun máa ti kẹ̀kẹ́ lọ ló kàn.

Ohun kan tí ìwé kankan ò ní sọ fún yín: bí àwọn ènìyàn bá rí i tí ẹ ń na téèpù sójú títì, wọ́n á rò pé ìjọba ló rán yín wá wọn ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ẹ fi máàpù A4 hàn án, kí ó fi ẹnì kan tì yín lẹ́yìn. Ẹni yẹn náà ló máa sọ orúkọ òpópónà fún yín. Ohun tó wà lára pátákó ni kí ẹ kọ sí name. Èyí tó ní àmì ohùn, bí Òkè Àdó, ẹ kọ ọ́ sí name:yo.

Nígbà tó bá di títẹ̀, ẹ lo ìwé A2 ní ìwọ̀n 1:15,000. Sẹ̀ǹtímítà kan á jẹ́ 150 mítà, ìwé kan á sì gba nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ní mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á di A6 tó wọ àpò. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní sí ibi tí ìwé ti ń ká, ibẹ̀ ni ìńkì ti kọ́kọ́ ń bó. Ìgbà yìí ni ìdájọ́ ọ̀nà tó dáa àti èyí tí kò dáa ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ẹ fi búlúù àti ọsàn rọ́pò àwọ̀ ewé àti pupa, torí àwọn kan wà tí ojú wọn ò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yẹn. Ẹ tẹ "© OpenStreetMap contributors" sí ìsàlẹ̀, dandan ni, kí ẹ sì kọ oṣù àti ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi ègé tó wà láàárín Àgbọwó àti Bódìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì fi ìkejì kún un. Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, kọ orúkọ tí ẹ fi wọlé sórí OpenStreetMap sí mi, kí n lè máa yẹ ibi tí ìlà kò bá kanra wò láti ìhín. Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ fún àwọn méjèje tó kù pé mo kí wọn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àyìnlá