Ẹ̀yin Ọmọ Tí Ẹ Ń Ya Ìbàdàn, Kí Lorúkọ Ìyá Yẹn?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé kámẹ́rà káàkiri Ìbàdàn, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n wo fọ́tò kan tí wọ́n ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé alámọ̀, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ká ìkejì, àtẹ ẹ̀gúsí wà níwájú rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kan. N ò ní purọ́, fọ́tò náà dáa. Ẹni tó yà á mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí. Mo wá ní kí ọmọ yìí ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ohun tó kà ni: "Ìyá arúgbó, Ìbàdàn." Ó tán.

Mo mọ ìyá yẹn. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ẹ̀kọ ló tà tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi jáde ní yunifásítì. Àwọn tí kò rí i rí láyé ló wá ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé àjẹ́ ni, pé ojú rẹ̀ ò jọ ojú èèyàn gidi. Ọmọkùnrin tó ya fọ́tò wà ńbẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Kí ni ì bá sọ? Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ tó lè fi gbà á sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ẹnì kan tiẹ̀ bi í léèrè pé ta ni ìyá yìí. Èsì rẹ̀ ni pé òun kàn ń kọjá ni.

Ó kàn ń kọjá ni!

N ò ní kọ orúkọ ìyá náà síbí. Èmi kọ́ ni mo yà á. Ẹni tó yà á ni kó padà lọ béèrè, kó sì kí i dáadáa kó tó béèrè.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, n ò sì ní fi bò fún yín. Ẹ ń yà wá, ẹ ò bi wá lórúkọ. Ilé ń wó, àgbà ń lọ, fọ́tò yín nìkan ni yóò kù, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọmọ ìyá yẹn lè bá a pàdé lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó lọ́la, kó kọjá lọ láìmọ̀ pé ìyá ìyá òun ló ń wo òun. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin wo ilé tán, ẹ ya ilé tán, ẹ gbàgbé ọmọ.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi jẹun títí ojú mi fi ní ó tó. Amúnigun ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kámẹ́rà ọ̀gá mi ń wolẹ̀ ni, èèyàn á tẹ orí ba á kó tó rí ẹni tó fẹ́ yà, fíìmù kan ò sì ju méjìlá lọ, nítorí náà a kì í ṣe é ṣeré. Kọ́tìnnì wà lẹ́yìn tí wọ́n ya ilé òkè àti òdòdó sí, àga kan wà, tábìlì kékeré kan wà tí rédíò tí kò sọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kí oníbàárà tó jókòó, ìwé gbọọrọ lèmi ọmọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ ṣí. Nọ́ńbà, orúkọ, àdúgbò, ọjọ́, ẹ̀dà mélòó, èló ló san sílẹ̀. Tí a bá wá wọ yàrá òkùnkùn, tí a fọ fíìmù tán tó gbẹ, nọ́ńbà yẹn náà ni màá fi íńkì kọ sí etí nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, wínníwínní, lábẹ́ gílóòbù pupa, tí òórùn háípò, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, á ti gba gbogbo ọwọ́ mi. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé orúkọ, oúnjẹ ọ̀sán di èèwọ̀ fún mi.

Ẹ ó ní ìwé gbèsè nìwé yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Torí owó la ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tó ṣe.

Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Ògún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ẹ̀yin gbọ́ ọ nínú ìtàn. Àwa rí ọkọ̀ tó ń léfòó lójú títì, a rí ilé tí omi gbé odindi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ tí bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lókè. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ti wà ní Òkè Àdó nígbà yẹn, omi ò dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n sin ẹni tí wọ́n rí sin tán, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá. Láti Ògùnpa, láti Àgbẹni, láti Mọ́lété. Wọn ò wá ya fọ́tò o. Wọ́n wá béèrè bóyá nẹ́gátíìfù ṣì wà lọ́wọ́ mi, torí omi ti gbé èyí tó wà nílé wọn lọ pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ńbẹ̀ tí kò rántí ọdún, kò rántí nọ́ńbà, rìsíìtì rẹ̀ ti bómi lọ. Ó kàn mọ̀ pé ìkómọ ni àwọn ń bọ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ìyàwó òun wọ léèsì. Mo ṣí ìwé gbọọrọ. Mo ń fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀, ojú ewé kan, òmíràn, òun náà na ọrùn bí ẹni pé òun lè kà á jù mí lọ. A rí i. Orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta, ó san ìdajì. Mo fọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n ṣe é ní méjì, kí ọ̀kan lè lọ sí ilé ìyá ìyàwó. Ó wá ní òun ṣì jẹ mí ní ìdajì ti ọjọ́sí.

Tí n ò bá kọ orúkọ ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ẹ dá mi lóhùn! Nínú àpótí tí nẹ́gátíìfù kún dẹ́nu, obìnrin tó wọ léèsì tó gbé ọmọ lọ́wọ́ pọ̀ lọ súà.

Mo mọ̀ pé Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga yẹn, ni ẹ máa ń kọ́kọ́ gùn. Láti 1936 tí wọ́n ti kọ́ ọ sórí Òkè Àrẹ ní ìrántí Bower, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ibẹ̀ ni oníkámẹ́rà ti ń lọ. Àwa náà gùn ún. Ẹ débẹ̀, ẹ ya òrùlé páànù tó ti dógùn-ún lọ rẹrẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba ilé lọ. Ó wuyì. Ṣùgbọ́n agboolé ló wà lábẹ́ páànù yẹn, agboolé kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ àti oríkì. Ẹni tó ya òrùlé Ayéyẹ tí kò mọ̀ pé agboolé Balógun Ìbíkúnlé wà ńbẹ̀, kí ló yà? Páànù ló yà.

Ilé tó lókìkí ò nílò yín. Gbogbo ayé mọ̀ pé 1965 ni wọ́n parí Ilé Kòkó, wọ́n sì mọ̀ pé ó jóná ní 1985. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà lórí òkè rẹ̀ láti 1929, ìwé ọmọ iléèwé pàápàá sọ ọ́. Ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí lára kí katapílà tó dé ni kí ẹ sáré lọ. Ilé tí mọ̀lẹ́bí ń bá ara wọn jà lé lórí, tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà, tí wọ́n á sì tà á lẹ́yìn náà kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ béèrè yàrá tí wọ́n bí ta ni sí. Bí bàbá kan bá wà lójúde tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ má dúró lé e lórí.

Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin kan ní tí ẹ bá tọrọ àyè, ẹwà fọ́tò ti bàjẹ́, pé ẹni náà á yí jókòó, á lọ pààrọ̀ aṣọ. Kó lọ pààrọ̀ rẹ̀! Ojú rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ya ara yín láìmọye ìgbà kí ẹ tó yan èyí tó bá yín lára mu, ẹ wá ń fi àkísà ilé ìyá onílé hàn aráyé. Gbogbo ìyá tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa ló wé gèlè wá. Ìyá oníṣu ọjà Ọjàaba a gbé aṣọ sínú báàgì, a lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, a jáde bí ìyálóde. Ta ló ní irọ́ nìyẹn? Bó ṣe fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rántí òun ni.

Wọ́n á bú yín, ìyẹn dájú. Ìbàdàn ni. Ẹlòmíràn á gba owó kó tó jẹ́ kí ẹ yà á, ẹ fún un. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ kúrò.

Ọkùnrin kan wà, J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òní. Ìbàdàn níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba ní 1954, nínú yàrá òkùnkùn ní iléeṣẹ́ ìròyìn. Ó tún ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV kó tó kó lọ s'Ékòó ní 1963. Láti 1968 ló ti ń ya irun obìnrin, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ó sì jẹ́ kí irun náà lórúkọ: ṣùkú, kòròba, onílé gogoro. Ó kú ní 2014. Ẹni tí kò dirun bẹ́ẹ̀ rí lónìí lè wo fọ́tò rẹ̀ kó pe irun náà. Ọmọ Emai béèrè orúkọ irun lọ́wọ́ onídìrí, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn ò lè béèrè orúkọ ìyá yín!

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí ní kí n rọra. Ó dáa.

Fóònù yín ń gba ohùn sílẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ àgbà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ agboolé, iṣẹ́ tó ṣe. Tó bá fẹ́ ki oríkì, ẹ má dá a dúró. Àwa ò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lápò.

Ẹ tẹ fọ́tò sórí bébà kí ẹ mú un padà fún un. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀, ní etí, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bírò máa ń yọ síwájú, omi sì máa ń gbé e. Ẹ má ya ọmọ tó ń wẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tí wọ́n já fóònù rẹ̀ gbà ní Ìwó Road sọ fún ọmọ ọmọ mi pé gbogbo fọ́tò àdúgbò Gẹgẹ tí òun yà ló bá a lọ. Kí ló dé tí kò pín in fún àwọn tó wà nínú rẹ̀? Ọwọ́ wọn ni ì bá ti rí i gbà.

Àwọn àpótí nẹ́gátíìfù mi ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Àwọn kan ti ń ká kò, wọ́n ti ń rùn kíkan, n ò sì rò pé wọ́n lè dúró pẹ́ mọ́. Ìwé gbọọrọ wà pẹ̀lú wọn, ìwọ̀nba èyí tí ikán ò tíì jẹ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó lè kó wọn sórí kọ̀ǹpútà nínú yín, kó wá. Màá máa ka orúkọ, kẹ́nì kan máa tẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi àtijọ́ ò ṣe é kà fún ọmọ òde òní. Ọmọ ọmọ mi á júwe ilé. Àárọ̀ Sátidé ló dáa jù. Ẹ má wá lọ́jọ́ Jímọ̀, n kì í gbélé. Kí ẹ sì jẹun wá, ìyàwó mi ti ní òun ò ní dáná fún ẹgbẹ́ ológun kankan.